Dọ́ọ̀tì Tó Sọnù Lábẹ́ Ọ̀tà

Ẹ wọkọ̀ láti Tóògéètì dé abẹ́ afárá Sango, kẹ́ ẹ yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, kẹ́ ẹ sì máa ka pátákó tó wà létí títì. Ilé-iṣẹ́ irin, ilé-iṣẹ́ ike, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, ṣọ́ọ̀ṣì, báńkì, ilé epo, ilé ìwé aládàáni. Orúkọ wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ àdírẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ jọra: Sango Ota. Àwọn kan kọ ọ́ ní Sango-Otta, pẹ̀lú t méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà lára àwọn páálí tó ń ti ibẹ̀ jáde lọ sí Kánò àti Aba. Ṣàngó Ọ̀tà, bí ẹnu wa ṣe ń pè é, ẹ máa wá a títí kójú yín tó rí i.

Àwa tá a kọ èyí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà la fi ń jẹun ní agbègbè yẹn. À ń kọ sọ́fítíwíà fún àwọn ilé-iṣẹ́: èyí tó ń ka ẹrù níbi ìkẹ́rùsí, èyí tó ń ṣírò owó oṣù, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń sọ pé òun ti dé. Ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ dọ́ọ̀tì abẹ́ lẹ́tà ń ko wá lójú lẹ́nu iṣẹ́ yìí. La bá ní ká tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ká mọ ẹni tó gbé e wá, ká sì mọ ohun tó ń lé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́tà márùn-ún ni ábídí Gẹ̀ẹ́sì ní fún fáwẹ̀lì: a, e, i, o, u. Tiwa tí kì í ṣe aránmúpè jẹ́ méje. Méjì wá ṣẹ́ kù tí kò nílé. Dọ́ọ̀tì ló kọ́lé fún wọn, ìyẹn ẹ àti ọ, ó tún wá kọ́ ọ̀kan fún ṣ nígbà tó yá. Ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ wò ó: ètè àti ẹ̀tẹ̀ á di ọ̀kan náà, ẹsẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ̀ á jọ máa rìn. Ọ̀tà tó jẹ́ ìlú, ọ̀tá tó ń lépa èèyàn, àti ọta tó ń ti ẹnu ìbọn jáde, gbogbo wọn á di "ota". Ní ti èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ máa ní àmì ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, òótọ́ sì ni, àmọ́ dọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ sọ irú fáwẹ̀lì tá a fẹ́ gbé ohùn lé. Ọ kì í ṣe o tó wọ bàtà. Lẹ́tà tó dá dúró ni, ó sì ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn o nínú ábídí.

T méjì inú "Otta" ńkọ́? Òun náà ní ìtàn. Láàrin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, James White wá ṣiṣẹ́ ìyìn rere ní Ọ̀tà fún ìjọ CMS. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Sàró bọ̀ ni, ó sì pẹ́ gan-an láàárín àwọn Àwórì. Ìròyìn tó ń kọ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù láti ibẹ̀ ṣì wà lónìí, àwọn onítàn sì ń kà á. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Otta sì ni ìlú náà ń jẹ́ nínú ìwé CMS nígbà yẹn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí kọ́ńsónáǹtì bá di méjì, ó máa ń sọ fún ẹni tó ń kàwé pé kó má fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú, kó ṣí ẹnu kó sì gé e kúrú. Ẹ wo Offa náà, tó jẹ́ Ọ̀fà. Lójú tiwa, ọgbọ́n Òyìnbó láti wá ọ láìní dọ́ọ̀tì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fi mọ síbẹ̀: wọ́n kọ Ìdó ní Iddo, tí kò sí ọ kankan níbẹ̀. Bó ṣe wù kó rí, ẹni tó bá ń kọ Otta lónìí ń kọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù láyé Fikitóríà. Àwọn tó ń kọ Ota wá yọ t kan kúrò, wọn ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó fi dọ́ọ̀tì rọ́pò irú ọgbọ́n báyẹn, ará ilé wa ni. Òṣogùn ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown, níbi tó ti di Samuel Ajayi Crowther. Freetown nígbà yẹn kún fún àwọn ọmọ Yorùbá láti ìlú oríṣiríṣi, tí wọ́n ń pè ní Akú, tí kálukú sì ń sọ ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n á ṣe kọ èdè náà sílẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, ọdún kan náà tó gba oyè àlùfáà. Èyí tó gbòòrò sí i, tó ní gírámà nínú, jáde ní 1852.

Láàárín ìwé méjèèjì yẹn ni iṣẹ́ gidi wà. Ní 1848, CMS, tí Henry Venn jẹ́ akọ̀wé wọn, tẹ òfin kan jáde nípa bí wọ́n á ṣe máa fi lẹ́tà Róòmù kọ àwọn èdè tí a kò tíì kọ rí, pàápàá tilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún gba ìmọ̀ràn Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé Jámánì kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Lepsius tẹ ìwé rẹ̀ lórí ábídí kan ṣoṣo fún gbogbo èdè ayé jáde ní 1855. Ìlà ni òun fà sábẹ́ e àti o tí ẹnu bá là sí. Dọ́ọ̀tì ni Yorùbá dúró tì. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ṣ náà fi wọlé, tó sì gba ipò sh nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oshogbo, Ogbomosho àti Shagamu kò tíì gbà lójú pátákó títí dòní. Ti Sango tún burú jù wọ́n lọ: kò ní sh, kò ní dọ́ọ̀tì, bíi pé ará Ìbàdàn tó ń pe iṣu ní isu ló kọ pátákó náà.

Ohun kan wà níbí tó máa ń wú àwa oníkọ̀ǹpútà lórí. Wọ́n fi àmì náà sísàlẹ̀. Ẹ wo Faransé: òkè ni wọ́n ti ń ya é sọ́tọ̀ kúrò lára è. Ká ní ọ̀nà yẹn làwọn Crowther gbà ni, níbo la fẹ́ fi àmì ohùn sí? Èdè wa nílò nǹkan méjì lórí fáwẹ̀lì kan náà: irú fáwẹ̀lì tó jẹ́ àti ohùn tó gbé. Ìsàlẹ̀ gba ọ̀kan, òkè gba èkejì, wọn kì í sì í jà. Ẹni tó bá ti ya àwòrán bí dátà ṣe máa tò rí á mọ̀ pé irú ìpín báyìí kì í rọrùn láti rí. Nínú ìwé ìgbà náà, òkè kì í sábà ní àmì kankan, dọ́ọ̀tì nìkan ni ẹ máa bá. Àmọ́ àyè ti wà nílẹ̀ de àmì ohùn kó tó dé.

Ní 1875, CMS pe ìpàdé sí Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ ni ìwé ìjọ àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, dọ́ọ̀tì sì wà nínú rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Ìyẹn ló dáàbò bò ó lẹ́yìn náà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ábídí mìíràn kalẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà ní 1927, tó ní ɛ àti ɔ, tí kò nílò dọ́ọ̀tì rárá, ìwé Yorùbá tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Ta ló fẹ́ tún Bíbélì àti gbogbo ìwé ilé ẹ̀kọ́ tẹ̀?

Àwọn ará wa lódìkejì bodè gba ɛ àti ɔ ní tiwọn. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tá a ní kẹ́ ẹ yà sí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ ẹ bá tọ̀ ọ́ dópin, orílẹ̀-èdè Benin lẹ ó já sí. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Pọ̀bẹ̀, òun ni wọ́n ń sọ ní Kétu, àmọ́ ábídí tí ìjọba wọn fọwọ́ sí láti 1975 ń kọ ɔ níbi tí àwa ti ń kọ ọ. Ìrìn ọkọ̀ tí kò gba ọjọ́ kan, Ọ̀tà ti di Ɔ̀tà. A ò rí ìkan tó dáa ju èkejì lọ nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ɔ kì í já bọ́. Ẹni tó bá ń lò ó kò lè kọ ìdajì rẹ̀ kó fi ìyókù sílẹ̀. Dọ́ọ̀tì tiwa ṣeé gbàgbé, ó ṣeé yọ, ẹ̀rọ sì lè sọ pé òun ò rí i.

Ẹ̀rọ ló sì fojú rẹ̀ rí màbo jù. Nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́, bí irú èyí tí Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròhìn l'Abẹ́òkúta láti 1859, lẹ́tà onírin ni wọ́n ń tò níkọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá rọ ọ sínú irin láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́tà, kò sí ọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni táìpùráítà dé, èyí tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn akọ̀wé wá ọgbọ́n dá sí i: wọ́n á tẹ ojú ìwé náà tán, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á mú bírò, wọ́n á wá máa fi dọ́ọ̀tì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìwé ìwádìí yunifásítì láyé ìgbà yẹn, ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé táwadà dọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí ti lẹ́tà. Àìmọye wákàtí ló bá a lọ. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn lórí ìyẹn.

Ẹ lè ti rí ìwé kan tó jẹ́ pé ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ló wà lábẹ́ lẹ́tà dípò dọ́ọ̀tì: e̩, o̩, s̩. Ìdí rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, ìlà náà máa ń gbé dọ́ọ̀tì mì. Ìlà tó dúró ṣánṣán gùn díẹ̀, ó ń yọ orí jáde. A rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni títí tá a fi ṣe ìkànnì kan lédè Yorùbá, tí gbogbo líǹkì rẹ̀ ní ìlà lábẹ́, tí ọ sì di o lójú ẹni tó ń kà á. A ní láti fi CSS sún ìlà náà sísàlẹ̀, pẹ̀lú text-underline-offset. Wàhálà àwọn atẹ̀wé ayé ọjọ́un gan-an rèé, nínú búráúsà.

Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwé kan jáde tó yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò fínnífínní. Ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní 1966, nígbà tó sì di 1974, ìjọba fọwọ́ sí àyípadà náà. Aiye di ayé, enia di ènìyàn, nwọn di wọ́n. Kọ́ńsónáǹtì méjì-méjì lọ, Offa di Ọ̀fà, Otta sì di Ọ̀tà. Dọ́ọ̀tì kò kúrò. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn tó ń ya pátákó ní Sango ò sí nípàdé yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kọ̀ǹpútà, níbi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ àwa gan-an. Gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ ń rí lójú fóònù ní nọ́ńbà tí Unicode fún un. Nọ́ńbà ẹ ni U+1EB9, ti ọ ni U+1ECD, ti ṣ ni U+1E63. Látìgbà ẹ̀dà 1.1, ní 1993, ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ẹ má rò pé torí tiwa ni o. Vietnam ló ni ẹ àti ọ yẹn. Àwọn náà ń fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè wọn, iṣẹ́ àwọn àlùfáà Jesuit tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n sì ń fi dọ́ọ̀tì sábẹ́ fáwẹ̀lì. Ohùn ni dọ́ọ̀tì tiwọn ń sọ, kì í ṣe irú fáwẹ̀lì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò bìkítà nípa ìyẹn. Ṣ ní tirẹ̀ bá àwọn ọ̀mọ̀wé wọlé, àwọn tó ń fi lẹ́tà Róòmù kọ Lárúbáwá àti Sanskrit. Ìgbò náà jàǹfààní níbẹ̀, nítorí Vietnam ní ị àti ụ. A jẹun nínú àwo tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àlejò mìíràn, a sì yó.

Àbí ká sọ pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ yó. Vietnam kì í lo ẹ́ bí àwa ṣe ń lò ó, pẹ̀lú dọ́ọ̀tì nísàlẹ̀ àti àmì òkè lórí. Nítorí náà, ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì ní í ní, torí Unicode ti pinnu tipẹ́ pé àwọn ò ní máa fi irú lẹ́tà àlẹ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́. Ṣe la máa ń tò ó pọ̀. Ọ̀nà tá a sì lè gbà tò ó kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ wo Ọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ Ọ̀tà. Ẹnì kan lè mú Ọ kó fi àmì ìsàlẹ̀ lé e. Ẹlòmíì lè mú Ò kó fi dọ́ọ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta lè mú O lásán, kó fi méjèèjì lé e. Lójú èèyàn, lẹ́tà mẹ́ta péré ni Ọ̀tà ní. Lójú JavaScript, ó lè jẹ́ 4, ó lè jẹ́ 6. Bí ẹ bá sì ní kó fi Ọ̀tà ẹni àkọ́kọ́ wé ti ẹnì kejì, tó jẹ́ pé 4 làwọn méjèèjì, á sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn láé.

Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa fi máa ń sọ pé, "Ẹ yọ àmì yẹn jàre, ká lè ríṣẹ́ ṣe." A mọ bó ṣe ń rí lára wọn. A ò kàn gbà pẹ̀lú wọn ni.

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù. Láti 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà ni a ti ń kọ Yorùbá láìsí dọ́ọ̀tì lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò gbà ju ìwọ̀n 140 báìtì lọ. Lẹ́tà tó wà nínú ábídí kékeré GSM kò gba àyè púpọ̀, 160 nínú wọn á wọ inú rẹ̀. Ábídí yẹn ní à, ó ní è, ó ní é, ó ní ì, ò àti ù, torí àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò ní ẹ. Kò ní ọ. Kò ní ṣ. Kété tẹ́ ẹ bá fi ẹyọ ọ kan ṣoṣo sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á kúrò nínú ábídí kékeré bọ́ sínú ńlá, àyè tó kù fún yín á sì di 70. Dọ́ọ̀tì kan á jẹ àyè 90. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ owó káàdì, ta ló fẹ́ san ìlọ́po méjì nítorí kó lè kọ "ẹ káàárọ̀" bó ṣe yẹ? (Ẹ tún wo èyí: àmì náírà, ₦, kò sí nínú ábídí kékeré yẹn bákan náà. Bẹ́ ẹ bá rí NGN nínú alert, ó lè má jẹ́ àṣejù.) Owó ló yọ dọ́ọ̀tì. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ sì wá pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí WhatsApp, ọwọ́ wa ti mọ́ ọn lára láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìyẹn lè fà, a fojú wa rí i ní ilé-iṣẹ́ ike kan tá a lọ bá ṣe iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tó ń tẹ ike fi fóònù kékeré rẹ̀, irú èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí, kọ̀wé sí súpáfásọ̀ rẹ̀: "E kaaro sir. Owo n dun mi lati ijeta." Ọ̀sẹ̀ owó oṣù ni, wọ́n sì ti yọ owó nínú ti àwọn kan. Súpáfásọ̀ kà á, ó ní ẹlòmíì tún ti dé pẹ̀lú ẹjọ́ owó, ló bá fi ránṣẹ́ sí àwọn akáùntì. Àwọn akáùntì wo ìwé wọn, wọ́n ní owó ẹni yẹn pé. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹnì kan tó pè é lórí fóònù.

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ ni mo kọ, kì í ṣe owó."

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ti há sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì ti wú títí dé ìgúnpá. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Súpáfásọ̀ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, Yorùbá sì ni èdè tó ń sọ nílé. Ṣùgbọ́n ohun tó dé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe owó. Ó ní láti mú ọ̀kan, ó mú èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Fóònù ẹni tó kọ ọ́ ò sì ní ọ rárá. Ká ló fẹ́ kọ ọ́ ńkọ́, níbo ni yóò tẹ̀?

Látọjọ́ yẹn, gbogbo fọ́ọ̀mù tá a bá ṣe tí òṣìṣẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ sí lédè Yorùbá ló ń ní ìlà bọ́tìnì kan lórí rẹ̀: ẹ, ọ, ṣ, àti àmì ohùn méjì. Iṣẹ́ kóòdù rẹ̀ kò gbà wá ju ọ̀sán kan lọ.

Orúkọ èèyàn ló wá le jù. Nínú sọ́fítíwíà owó oṣù, òṣìṣẹ́ lè kọ orúkọ rẹ̀ ní Ọláṣubọ̀mí, báńkì á ní OLASUBOMI ni òun mọ̀, ẹ̀rọ á sì ní ẹni méjì ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, owó ò ní í wọlé. Ohun tí àwọn tó kánjú máa ń ṣe ni kí wọ́n yọ dọ́ọ̀tì lára orúkọ gbogbo èèyàn látìgbà tí wọ́n bá ti ń gbà á wọlé, kó sì parí síbẹ̀. Tiwa ni pé a máa ń fi orúkọ pa mọ́ sọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni bí onítọ̀hún ṣe kọ ọ́ gan-an, tá a ti fi NFC tò kí ọ̀nà mẹ́ta tá a sọ lẹ́ẹ̀kan lè di ọ̀kan. Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ ìwákiri: a ó fi NFD tú lẹ́tà náà palẹ̀, a ó yọ gbogbo àmì, a ó sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré. Èkejì yìí la fi ń wá nǹkan, òun la fi ń wé orúkọ pẹ̀lú ti báńkì. Kì í jáde síta. Ohun tó ń hàn lórí ìwé owó oṣù ni Ọláṣubọ̀mí, pẹ̀lú dọ́ọ̀tì rẹ̀ méjì àti ẹyọ kan sí i. Ẹ wo inú mẹ́táàdì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ normalize; ó wà nínú JavaScript, irú rẹ̀ sì wà nínú Python.

Títò náà wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Àkójọ CLDR tí fóònù àti búráúsà ń lò mọ ètò ábídí Yorùbá: ó mọ̀ pé ẹ ń tẹ̀ lé e, pé ọ ń tẹ̀ lé o, pé ṣ ń tẹ̀ lé s, àti pé gb jẹ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn g. Ẹ pe localeCompare kẹ́ ẹ fún un ní "yo", níbikíbi tí dátà náà bá ti wà, Gbénga á dúró lẹ́yìn gbogbo àwọn oníG tó kù. Ẹnì kan ló jókòó kọ òfin yẹn síbẹ̀, a kì í sì í sábà rí ẹni tó ń lò ó.

Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó ti pàdánù dọ́ọ̀tì rẹ̀. Ní 2018, Iroro Orife tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí a ṣe lè kọ́ ẹ̀rọ kó dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní in. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-I ní Ìbàdàn ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ fún èdè wa tipẹ́. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá YorubaName sílẹ̀ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá síta lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ dídá àmì padà yìí wù wá púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí súpáfásọ̀ wa: ẹ̀rọ tó bá rí "owo n dun mi" náà á ní láti méfò, á sì mú èyí tó bá pọ̀ jù nínú ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀.

Ní ti fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, Gboard ní Yorùbá. Ẹ lọ sí ètò èdè rẹ̀, ẹ fi Yorùbá kún un, ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ. Bí ẹ bá tẹ ọ́ tí àmì òkè rẹ̀ sì fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀ǹtì ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Noto Sans máa ń gbé e síbi tó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì ń tẹ pátákó tàbí páálí fún èèyàn ní Sango, fọ́ọ̀ǹtì kan náà lè wà lórí kọ̀ǹpútà yín lónìí. Ọ̀ gba àyè kan náà pẹ̀lú O lórí pátákó, iye kan náà sì lẹ máa gbà lọ́wọ́ oníbàárà.